Abẹ Ayùn Tí Wọ́n Ní Ó Wà Nínú Kànáàlì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Olódì-Àpápá, ẹ ti bi mí títí bóyá iṣẹ́ ìlapákó dáa fún ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ jẹun. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń ní kí ẹ lọ bi ẹlòmíràn, ẹ sì ti wá sọ mí di onígbèéraga nítorí rẹ̀. Ó dáa, mo máa sọ ọ́ lónìí, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má retí ìtàn dídùn. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ní Amúkòkò ni mo ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe mi títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìka mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ṣì pé, inú mi ò sì dùn tó kí n máa fi ìyẹn ṣe fáàrí.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Alágbàṣe ni bàbá mi ní èbúté Àpápá, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ nítorí ẹrù tó ń gbé, kò sì fẹ́ kí tèmi tẹ̀. Ó mú mi lọ bá Ọ̀gá Fádárè, wọ́n jọ mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò kọ̀ọ̀kan, mo sì di ọmọ iṣẹ́. Nígbà tí mo gba òmìnira, mo dúró síbẹ̀. Owó tí mo ń gbà ń bọ́ mi, kò sọ mí di olówó. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Igi tí à ń là kì í ṣe igi inú igbó nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ pákó tí wọ́n fi ń há ẹrù mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi kó má yí. Tí wọ́n bá já ẹrù tán, wọ́n á kó pákó náà jáde, a ó rà á, a ó là á sí pẹlẹbẹ, a ó fi kan bẹ́ẹ̀dì àti àga fún àwọn ará Ajégúnlẹ̀. Igi dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó lábùkù méjì. Omi òkun ti wọ inú rẹ̀, torí náà ó tutù, ó sì ń gbé ìbínú sínú: tí a bá ń là á, ó máa ń fẹ́ pa dé mọ́ abẹ. Ìṣó sì wà nínú rẹ̀ tí ojú ò lè rí. Òòfà tí a yọ lára sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ la fi ń wá ìṣó náà, a ó máa fà á lọ lórí pákó láti orí dé ìdí.

Èmi àti Sunday la jọ kọ́ṣẹ́. Ará ẹ̀bá odò ni àwọn òbí rẹ̀, láti ìhà Délítà, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ó ń sọ Yorùbá bíi tèmi, tí inú bá ń bí i tàbí tí ẹ̀rù bá ń bà á ló máa ń bọ́ sínú píjìn. Onígbàgbọ́ ni, mùsùlùmí lèmi. Tí mo bá ń gba ààwẹ̀, á lọ jẹun lẹ́yìn ilé kí n má baà rí i. Mi ò ní ọmọ ìyá tó sún mọ́ mi tó o.

Ọ̀gá Fádárè le. Kì í pariwo, kì í na èèyàn, ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà wá ju ẹ̀rù ọlọ́pàá lọ. Ẹ̀rọ sákúlà kan ṣoṣo la ní, ìyẹn tábìlì irin tí abẹ ayùn roboto yọrí jáde láàárín rẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ mẹ́ta ló wà lórí ìṣó lára ògiri. Ọ̀gá sọ wọ́n lórúkọ. Alágbára ni èyí tí eyín rẹ̀ kò pọ̀, tí wọ́n tóbi, tí àlàfo àárín wọn gba ìka èèyàn. Òun la fi ń la igi ní òró rẹ̀ láti orí dé ìdí. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ tín-ín-rín, òun la fi ń pín pákó tó nípọn sí pẹlẹbẹ méjì kó má baà jẹ igi dànù. Ọlọ́ṣọ̀ọ́ sì rèé, eyín rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó pọ̀ lọ jàra, ojú ibi tó bá gé a máa dán. Igi tí a fẹ́ gé ní ìbú àti púláíwúdù ni tirẹ̀. Ọ̀gá fi ìṣó líle àti òòlù lu àmì sí ẹ̀gbẹ́ ihò àárín wọn: Alágbára ojú kan, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ojú méjì, Ọlọ́ṣọ̀ọ́ ojú mẹ́ta.

Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó tan iná sí ẹ̀rọ, Ọ̀gá á gbé pákó kan sílẹ̀. Á ní kí o fọwọ́ kàn án, kí o gbóòórùn rẹ̀, kí o fi ìka lù ú, kí o wá lọ mú abẹ rẹ̀ wá láti ara ògiri. Tí o bá mú èyí tí kò yẹ, kò ní bú ọ. Á gbé ayùn ọwọ́ fún ọ, á ní kí o la pákó náà láti orí dé ìdí. Tí apá rẹ bá ti ń gbọ̀n, wàá mọ ohun tí àlàfo eyín wà fún. Gbogbo wa ló jẹ ìyà yẹn. Délé ọmọ rẹ̀ náà jẹ ẹ́ nígbà ọlidé, ó sunkún, ìyá rẹ̀ bẹ̀bẹ̀, Ọ̀gá ò gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí mo ṣì ń bọ̀ wá bá a.

Mo bi Ọ̀gá lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí a ò lè fi Ọlọ́ṣọ̀ọ́ la igi, níwọ̀n ìgbà tí eyín rẹ̀ mú.

Ó ní, “Ràfíù, tí o bá jẹun yó, ṣé o ò ní yàgbẹ́ ni?”

Mo ní, “Màá yà á, sà.”

Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni ayùn rí. Ẹni tó ń la igi, lẹ́búlẹ́bú tó ń jáde pọ̀, ó sì gùn bí okùn. Tí kò bá rí àyè jáde láàárín eyín, á há. Tó bá há, abẹ á gbóná, igi á dì í mú. Abẹ tó ń sáré ò sì ní dúró de igi. Á gbé igi náà sọ padà fún ẹni tó ń tì í.”

Títí di òní, mi ò gbọ́ àlàyé tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tún kọ́ wa pé tí a bá ń pín pákó tó nípọn, kí a má ṣe ojúkòkòrò. A ó gbé e dúró lórí ẹ̀gbẹ́, a ó la ìdajì, a ó yí i padà, a ó la ìdajì kejì kó lọ pàdé ti àkọ́kọ́. A ó sì máa ki igi pẹlẹbẹ bọ ojú ibi tí a ti là kó má baà pa dé mọ́ abẹ. Lálaalẹ́ la máa ń fi fáìlì pọ́n eyín, a ó tẹ ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì, kí ọ̀nà tí abẹ ń là lè fẹ̀ ju ara abẹ lọ. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń fẹ́ kí nǹkan jáde bí ẹ bá ti tẹ fóònù, ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá kú, Délé jogún ṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣe òmùgọ̀, kì í sì í ṣe ìkà ní ojú lásán. Ó ti bá àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní èbúté ṣiṣẹ́ ní Wharf Road, ibi tí gbogbo nǹkan ti ń sáré, ó sì kó eré náà wá sáàárín wa. Ìdánwò àárọ̀ dópin. Abẹ tó bá ti wà lórí ẹ̀rọ ni kí á máa lò, ó ní yíyí abẹ ń jẹ àkókò. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí, fóònù létí, á máa pàṣẹ láti ibẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, púláíwúdù la ti ń gé láti àárọ̀, Ọlọ́ṣọ̀ọ́ ló sì wà lórí ẹ̀rọ. Oníbàárà kan sáré dé, ó ní àpótí ńlá kan ti fọ́ lórí ọkọ̀ àjàgbé, wọ́n fẹ́ pákó tí wọ́n á fi tún un kàn kíákíá. Délé tọ́ka sí pákó ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé. Omi ṣì ń kán lára rẹ̀.

Mo ní, “Ọ̀gá Délé, ẹ jẹ́ ká gbé Alágbára sí i. Pákó yìí tutù, ó sì nípọn.”

Ó ní, “Bọ̀dá Ràfíù, ẹ jọ̀ọ́, àwọn èèyàn yìí ń dúró. Bàbá mi ti kú, ẹ jẹ́ kí orúkọ tó ń sọ irin sinmi pẹ̀lú ẹ̀.”

Sunday ti mú sípánà. Ó ní, “Oga, make I change am, e no go tey.”

Délé ní, “Sunday, ṣé ìwọ lo ni ṣọ́ọ̀bù ni? La igi.”

Sunday wò mí, ó gbé sípánà sílẹ̀, ó la igi. Èmi wà lódìkejì tábìlì láti gba pákó tó bá ń jáde. Kò tíì dé ìdajì tí èéfín bẹ̀rẹ̀. Ohùn ẹ̀rọ yí padà, ó ń lọ sísàlẹ̀, mo pariwo pé kí ó fi í sílẹ̀. Igi ti di abẹ mú. Ó fò padà, ó gbá Sunday níkùn, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó fi ń ti igi ò sì rí nǹkan kan gbá mú mọ́ àfi abẹ. Mi ò ní sọ ìyókù. Ní ọsibítù, wọ́n gé ọwọ́ náà láti ọrùn ọwọ́.

Ohun tó tẹ̀lé e ló ń dùn mí ju ti ọjọ́ náà lọ. Délé san owó ọsibítù, kò bá ẹnikẹ́ni du ìyẹn. Ó fi tapólì bo ẹ̀rọ, ó sì pe pásítọ̀ kan, ó pe ààfáà kan, pé kí wọ́n wá wo ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Pásítọ̀ da òróró sórí tábìlì irin, ààfáà fi omi àdúrà wọ́n ọn, àwọn méjèèjì sì ní láti ilé ni wọ́n ti ta Sunday lọ́fà, ẹni tó bá a tan ló ṣe é. Mo rò pé ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹ̀sìn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan nínú ṣọ́ọ̀bù wa nìyẹn. Yorùbá ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Nínú ṣọ́ọ̀bù tiwa, abẹ ló ké, tí gbogbo ayé ń wá àjẹ́ kiri.

Mo sọ ọ́ níbẹ̀, lójú gbogbo wọn, pé abẹ tí kò yẹ ni. Wọ́n ní abẹ náà dà? Mo ṣí tapólì. Alágbára ni mo bá lórí ẹ̀rọ, ó ń dán, bí ẹni pé òun ló ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí. Délé ní pásítọ̀ ti sọ fún òun tẹ́lẹ̀ pé ohunkóhun tí ẹ̀jẹ̀ bá kàn kò gbọdọ̀ sùn nínú ilé, òun ti fọwọ́ ara òun sọ Ọlọ́ṣọ̀ọ́ sínú kànáàlì. Pásítọ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Èèyàn kan ṣoṣo tó ń sọ̀rọ̀ nípa eyín ayùn láàárín àwọn tó ń gbàdúrà, ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń wò ó.

Mo lọ sọ ọ́ fún Sunday fúnra rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, “Bros, the man wey dey pay for my bed, na him you want make I curse?” Mo ní kì í ṣe èpè, abẹ ni. Ó kọjú sí ògiri.

Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ló ní nílé, Godwin, tí wọ́n ti jọ ń fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá wọn létí odò. Kò pẹ́ tí Sunday fi gbà pé Godwin ló ta òun lọ́fà. Godwin gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó wọ mọ́tò wá láti ìlú wọn, ó gbé ẹja gbígbẹ dání nínú apẹ̀rẹ̀, ó ń sunkún bọ̀ láti ojú títì. Sunday gba apẹ̀rẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan tó kù, ó da ẹja náà sínú gọ́tà, ó ní bí Godwin bá tún tẹ ilẹ̀ Amúkòkò, wọ́n á gbé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì lọ sílé òkú. Godwin bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa ẹja kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo bá a ṣa díẹ̀. Nígbà tó ṣa á tán, ó gbé apẹ̀rẹ̀ náà, ó sì padà sójú títì.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi ṣọ́ọ̀bù yẹn sílẹ̀. Mo ní ọmọ, mi ò ní ẹ̀rọ. Ìdáhùn náà nìyẹn, kò ní ìdí méjì.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Abẹ tuntun dé, tí wọ́n lẹ irin líle mọ́ etí eyín wọn. Fáìlì ò ràn wọ́n, wọ́n sì máa ń mú pẹ́, ṣùgbọ́n tí ìṣó kan bá ṣì wà nínú pákó, irin etí yẹn á ta jáde bí ọta ìbọn. Tòkunbọ̀ rẹ̀ wá pọ̀ lọ́jà, tí wọ́n kun ní ọ̀dà tuntun, tí etí eyín rẹ̀ ti sán. Mo ń lo òòfà mi síbẹ̀, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín, ojú wọn sì pé nítorí òòfà náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni bọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ṣe tán láti òkè òkun gba ìgboro. Kò sẹ́ni tó ń la igi mọ́, gígé ni gbogbo nǹkan. Bísọ́lá ọmọ Délé ló ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù báyìí, ọmọ tó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀, tó máa ń kúnlẹ̀ kí mi. Ó ra ẹ̀rọ tó ń fúnra rẹ̀ gé bọ́ọ̀dù. Èmi wá di bàbá tó ń gbálẹ̀ tó ń sọ ìtàn.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, wọ́n to àga síta, wọ́n pín mọ́ọ̀tì àti míìtìpáì. Délé náà wá, ó ti ń fi ọ̀pá rìn. Bísọ́lá gbé ẹ̀bùn kan fún mi, ó fi pépà tó ń dán wé e. Ó ní, “Bàbá, ohun tí ẹ fi gbogbo ọjọ́ ayé yín ṣe ni mo ní kí wọ́n bá yín ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.”

Aago ògiri ni. Abẹ ayùn àtijọ́ ni wọ́n sọ di aago, wọ́n kọ nọ́ńbà yí i ká, ọwọ́ aago wà láàárín. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo yí i padà láti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, mo sì rí ojú mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò àárín. Eyín wẹ́wẹ́, lọ jàra. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, àmì iná aláwọ̀ búlúù dúdú tí gbogbo bí wọ́n ṣe fọ̀ ọ́ tó kò kúrò.

Délé ò jẹ míìtìpáì ẹnu rẹ̀ mọ́. Ó ní, “Bísọ́lá, níbo lo ti rí èyí?”

Ọmọ náà ní, “Lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù yín ni, Dádì, nígbà tí mò ń kó sítọ̀ọ̀ jáde. Ẹ fi ṣẹ́ẹ̀tì kan dì í. Mo rò pé ti Bàbá Àgbà ni, pé ẹ tọ́jú ẹ̀ ni.”

Mo ní, “Ọ̀gá Délé, kànáàlì náà dà?”

Ó wo ilẹ̀. Ó ní, “Bọ̀dá Ràfíù, ó ti pẹ́.”

Òun náà nìyẹn. Ó ti pẹ́. Ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ fi ayùn ọwọ́ kọ́ ní ìyàtọ̀ abẹ, tó sunkún lórí rẹ̀, tó mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, ló yọ abẹ kúrò lórí ẹ̀rọ kí àwọn àlejò àdúrà tó dé. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Àwọn àgbà ò sọ iye nǹkan tí irọ́ á ti jẹ tán kí ọjọ́ yẹn tó pé. Mo gbé aago mi, mo kúrò níbẹ̀. Inú bí mi débi pé mi ò kí ọmọ náà dáadáa, ìyẹn sì dùn mí, nítorí kò mọ nǹkan kan.

Ajégúnlẹ̀ ni mo gbà lọ, lọ́dọ̀ Sunday. Ó ní ibùdó kékeré kan tó ti ń bá èèyàn gba iná sí fóònù. Mo gbé aago náà lé e lórí itan. Ó fi ọwọ́ òsì wá ẹ̀yìn rẹ̀, ìka rẹ̀ sì bá ojú mẹ́ta náà. Ó bọ́ sínú píjìn.

“So e no enter canal.”

Mo ní, “Kò wọ kànáàlì.”

“He keep am.”

“Ó dì í sínú ṣẹ́ẹ̀tì.”

Ó ní, “Ràfíù, tó bá jẹ́ pé Godwin ló ṣe é lóòótọ́, kí ni wọ́n ń fi abẹ pamọ́ fún?”

Godwin ti kú, ó ti tó ọdún méjì. Wọ́n ránṣẹ́ pe Sunday wá sìnkú rẹ̀, ó ní òun ò lè lọ sin ẹni tó jẹ ọwọ́ òun. Èmi ni mo bá a gba iṣẹ́ tí wọ́n rán náà, mo sì bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Báyìí ó jókòó pẹ̀lú abẹ yẹn lórí itan, aago ń dún lára rẹ̀, ó sì ń sọ nǹkan kan náà ṣáá, pé, “The man carry fish come. He carry fish come meet me.”

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń bi mí, iṣẹ́ ìlapákó dáa. Kò sí àléébù lára igi, kò sì sí àléébù lára irin. Ọjọ́ tí wọ́n bá mú yín dé ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀bùkíṣọ́ọ̀bù, ẹ béèrè ẹni tó ń yan abẹ. Tó bá jẹ́ ẹni tó dúró nídìí ẹ̀rọ ni, ẹ wọlé. Tó bá jẹ́ ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ni, ẹ padà sílé, nígbà tí ilé ṣì wà tí ẹ lè padà sí.

Kí n tó kúrò lọ́dọ̀ Sunday lọ́jọ́ yẹn, ó bi mí bóyá mo rò pé ẹnì kan ṣì wà ní ìlú wọn tó máa fi ibi tí wọ́n sin Godwin sí han òun. Mo ní a jọ máa lọ. Ó ní kí ni òun máa gbé dání.